Dúró Ládípọ̀: Olùkọ́ tí ó sọ ìtàgé di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Àjàó Estate, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá náà ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọdé a wọ agbádá àgbà, wọn a lẹ òwú mọ́ àgbọ̀n kí ó lè dà bí irùngbọ̀n, wọn a dé adé tí wọ́n fi páálí ṣe, wọn a sì ṣe eré ọba àti ìjòyè níwájú àwọn òbí wọn. Àwọn òbí a rẹ́rìn-ín, wọn a ya fọ́tò, wọn a pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà a sì parí síbẹ̀ títí di ọdún mìíràn. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìṣeré ọmọdé lásán ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti inú irú ìṣeré bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà òṣèré tí Yorùbá fi ń yangàn ti jáde wá, olùkọ́ ni wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n tó di òṣèré.

Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣoṣà, ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, kí ó sì tó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, náà ti mú ẹfun àti pátákó ìkọ̀wé kí ó tó di ẹni tí ayé ń wá wò lórí ìtàgé. Ẹni kẹta wọn ni Dúró Ládípọ̀ ti Òṣogbo, ọkùnrin tí ó di Ṣàngó mọ́ àwọn òǹwòran lójú débi pé ọ̀pọ̀ kò rántí mọ́ pé iwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń gbé eré kalẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ fún olùkọ́, fún òbí, àti fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rò pé eré ṣíṣe àti ìwé kíkà jẹ́ ọ̀tá ara wọn.

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1931 ni ọ̀pọ̀ ìwé kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Joseph Oní Ládípọ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀, Dorcas Àjíkẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ìdílé onílù ni ìdílé náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ onílù tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún lé kúrò ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó sì wá tẹ̀dó sí Òṣogbo. Ṣàngó àti Ọya ni ó ń sìn. Ṣùgbọ́n Joseph gba ẹ̀sìn Kristi, ó wọ ìjọ Áńgílíkà, ó sì di òṣìṣẹ́ ìjọ tí wọ́n ń rán láti ìlú kan sí òmíràn. Nípa báyìí, ìran mẹ́ta péré ni ó wà láàrin ìlù Ṣàngó àti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì nínú ilé kan ṣoṣo, ọmọ tí wọ́n bí sí àárín méjèèjì ni yóò sì wá so wọ́n pọ̀.

Ọ̀tan Ayégbajú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí iṣẹ́ ìjọ gbé bàbá rẹ̀ dé. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni Dúró ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, níbi tí a ti ń jí pẹ̀lú àdúrà tí a sì ń sùn pẹ̀lú orin mímọ́. Ní òde ọgbà náà, ayé mìíràn ni. Eégún ń jó, àwọn olóòṣà ń ṣe ọdún, àwọn onírárà ń ki àwọn olówó àti àwọn ọlọ́lá. Bí ìlù bá ti ń dún ní ọjà, ọmọ olùkọ́ ìjọ a yọ́ jáde, a lọ wo ìran, a sì yọ́ wọlé padà kí bàbá rẹ̀ tó béèrè rẹ̀. Bàbá náà fẹ́ kí ọmọ òun jẹ́ Kristẹni rere, ọmọ náà kò sì kọ ìgbàgbọ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí òun di ojú àti etí òun sí ohun tí àwọn ará òde mọ̀.

Nígbà tí ó parí ilé-ìwé, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó mú. Ìlú Iléṣà ni ó ti kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ kékeré, lábẹ́ ọ̀gá tí ó ti mọ̀ ọ́n láti Òṣogbo. Lẹ́yìn èyí, ó gba òkè Ọya lọ, ó sì di olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ United Native African ní Kàdúná. Ibẹ̀ ni ẹ̀bùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn sí gbangba. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, ó ń kọ eré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń kọ́ wọn ní bí wọn yóò ṣe ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn eré ìgbà náà ni èyí tí ó gbé ka orí As You Like It, eré tí Shakespeare kọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà wà. Ẹ̀kọ́ ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́sórí. Olùkọ́ a kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó, ọmọ a dà á kọ sínú ìwé, a kà á títí yóò fi mọ́ ọn lórí, bí ìdánwò bá sì ti kọjá, a gbàgbé rẹ̀. Eré kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe ọba nínú eré gbọ́dọ̀ mọ bí ọba ṣe ń jókòó, bí ó ṣe ń dákẹ́, ìgbà tí ó yẹ kí ó bínú àti ìdí tí ó fi ń bínú. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò jáde ní kíláàsì a máa rí ohùn nígbà tí ó bá wọ aṣọ ẹlòmíràn. Èyí tí kò mọ ìṣirò lè jẹ́ ẹni tí yóò rántí ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú eré. Olùkọ́ tí ó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní fi ojú kan náà wo àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Ládípọ̀ padà sí Òṣogbo, ó tún gbé iṣẹ́ olùkọ́ àti orin kíkọ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọdún 1961 ni ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Ó kọ orin eré ọdún Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints tí ó wà ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù dùndún wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì láti fi gbé orin náà. Àwọn àgbà ìjọ kan fárí gá. Lójú wọn, ìlù àwọn kèfèrí ni, kò sì yẹ kí a gbọ́ ọ níwájú pẹpẹ. Awuyewuye náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi hàn gbangba pé ilé ìjọsìn yẹn kò ní gba ohun tí ọkùnrin yìí gbé lọ́wọ́.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀ràn agídí lásán ni. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ohùn bá ti yí padà, ìtumọ̀ ti sá lọ. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì túmọ̀ orin mímọ́ sí Yorùbá, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí rẹ̀, ohùn náà sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí kò yẹ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ láì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìlù dùndún ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ipa ohùn èdè ni ó ń tọ̀. Orin tí ó bá bá dùndún rìn gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ rìn pẹ̀lú. Nítorí náà, ìjà tí ó wà láàrin Ládípọ̀ àti àwọn àgbà ìjọ ju ìjà ìlù lọ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni bóyá ọmọ Yorùbá lè gbàdúrà, kí ó kẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì ronú pẹ̀lú ohùn tí Ọlọ́run fi sí i lẹ́nu.

Bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ti ń tì, òmíràn ń ṣí. Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950 láti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ń gbé Òṣogbo ní àkókò náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ àwọn àgbà lẹ́yìn ògiri yunifásítì. Ó gbọ́ orin Ládípọ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní òpin ọdún 1961, Ládípọ̀ gbé eré ọdún Kérésìmesì lọ sí ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé bí Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti Christopher Okigbo wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó rí níbẹ̀ wú u lórí. Ó padà sílé pẹ̀lú ìpinnu pé Òṣogbo náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.

Ilé tí ó fi ń ta ọtí ni ó yọ̀ǹda. Wọ́n kó ìgò kúrò, wọ́n kọ́ ìtàgé, wọ́n sì ṣe àyè fún àwọn iṣẹ́ ọnà. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Ní agbègbè Òwẹ́rì, ilé amọ̀ tí wọ́n fi ère kún inú rẹ̀ fún ọlá ilẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ orúkọ náà, etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí ènìyàn bá rí i, inú rẹ̀ yóò dùn. Orúkọ náà mọ́ ilé náà lára. Oṣù Kẹta ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i, eré Ládípọ̀ kan tí ó ń jẹ́ Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n sì fi ṣí i.

Ìtàn Ọ̀yọ́ ni Ọba Mọ́rọ̀. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìjọba kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn kan nínú àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Wọ́n rán àwọn ènìyàn ṣáájú láti lọ dẹ́rù ba àwọn aṣojú ọba, kí ó lè dà bí ẹni pé iwin ti gba ìlú náà. Ọba fura, ó rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì mú àwọn iwin náà láàyè. Bí ọba ṣe gba orúkọ tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ni Ládípọ̀ ti mú un. Ìwé náà tóbi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nípa eré, ẹni tí kò mọ̀wé rárá lè jókòó ní Òṣogbo ní alẹ́ kan kí ó sì dìde pẹ̀lú ìtàn àwọn baba ńlá rẹ̀ nínú.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1963, ni Ọba Kò So jáde. Ṣàngó ní akọni méjì, Tìmì àti Gbọ̀ọ̀nkáà, agbára wọn sì ti ń pọ̀ jù. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, Tìmì sì di alágbára níbẹ̀. Ó rán Gbọ̀ọ̀nkáà lọ mú un wá, ìjà àwọn méjèèjì sì parí pẹ̀lú ikú Tìmì. Nígbà náà ni Gbọ̀ọ̀nkáà kọjú sí ọba fúnra rẹ̀. Ṣàngó kúrò ní ìlú, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òpin rẹ̀ ni àwọn olóòótọ́ rẹ̀ sì sọ di ìgbàgbọ́ pé ọba kò so. Ládípọ̀ ni ó ṣe Ṣàngó, Bíọ́dún aya rẹ̀ sì ni Ọya. Ìlù bàtá ni ó gbé eré náà, oríkì, ìjálá àti ọfọ̀ sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Láti kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ, Ládípọ̀ tọ àwọn àgbà, àwọn babaláwo, àwọn onílù àti àwọn olùsìn Ṣàngó lọ, ó jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, olùkọ́ tún padà di akẹ́kọ̀ọ́.

Kì í ṣe eré nìkan ni Mbárí Mbáyọ̀ fi kọ́ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń bá Ládípọ̀ ṣeré ni kò lọ jìnnà nínú ìwé. Owó ti tán, tàbí ilé-ìwé ti sú wọn. Ní ọdún 1962 àti 1963, Denis Williams kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà yíyà, Georgina Beier sì tẹ̀ síwájú ní ọdún 1964. Láti inú ẹgbẹ́ eré yìí ni Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé, Múráínà Oyèlámì àti Twins Seven-Seven ti di ayàwòrán tí òkìkí wọn kan yíká ayé. Jímọ̀ Bùráímọ̀, ẹni tí ó ń bójú tó iná ìtàgé, di gbajúmọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tí ètò ìdánwò ti kà sí aláìmọ̀kan ni ilé eré sọ di ọ̀gá. Múráínà Oyèlámì tilẹ̀ kọ́ni ní ìlù ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ọdún 1964 ni Ọba Wàjà jáde, eré tí ó dá lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ikú Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládígbòlù, nígbà tí aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dí ẹni tí ó yẹ kí ó bá ọba lọ lọ́wọ́. Ṣóyínká náà lo ìtàn kan náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹ̀, nínú eré rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1975. Ní ọdún 1964 yìí kan náà, Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin, ní ọdún 1965 ó gbé e dé Bìrìtéènì fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ní ọdún 1975 ó sì gbé e dé Amẹ́ríkà. Èdè Yorùbá ni ó fi ṣe é níbi gbogbo. Àwọn òǹwòran tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ jókòó títí dé òpin.

Síbẹ̀, ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Eré ṣíṣe kì í fi gbogbo ìgbà bọ́ ẹni tí ó ń ṣe é, ẹgbẹ́ tí ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn nílò oúnjẹ, ọkọ̀ àti aṣọ. Àwọn Kristẹni kan ń fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń gbé òrìṣà lárugẹ, òun tí ó jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí ó kọ orin Àjíǹde náà ni ó kọ Ọba Kò So, kò sì rí ìdí tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ sun ilé baba rẹ̀ kí ó tó lè kọ́ ilé tuntun.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò pẹ́ rí iyì ohun tí ó ṣe. Robert Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn gba ohùn Ọba Kò So sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní Yorùbá, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Eré tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ọtí di ohun tí a ń kà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní àkókò kan náà, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tí Fáfúnwá fi ìwádìí hàn ni Ládípọ̀ ti fi ìlù àti ijó hàn ṣáájú.

Ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ó tún gba orí tẹlifíṣọ̀n wọlé àwọn ènìyàn pẹ̀lú eré àtìgbàdégbà rẹ̀, Bọ́dé Wáásinmi. Ṣùgbọ́n kò dàgbà dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 1978 ni ó jáde láyé, kò sì tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún ní ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ìwé fi sílẹ̀. Bíọ́dún aya rẹ̀ kò jẹ́ kí iná náà kú; ó ń gbé Ọba Kò So kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Léré Pàímọ́, ẹni tí ó ṣe Gbọ̀ọ̀nkáà, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú fíìmù Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ tí Ládípọ̀ bá ṣọ́ọ̀ṣì fà ní ọdún 1961 kò tíì tán nílẹ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àárín àṣẹ méjì yìí ni olùkọ́ Yorùbá wà, pẹ̀lú wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ àti àwọn ọmọ tí ó ti gbà pé èdè náà le. Bí ó bá dúró lórí àkọ́sórí nìkan, yóò pàdánù wọn. Bí ó bá pín wọn sí Tìmì, Gbọ̀ọ̀nkáà, Ọya àti onílù, wọn yóò bi í léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, nítorí ẹnu ara wọn ni wọn yóò fi sọ ọ́.

Àjàó Estate sì jẹ́ ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè so èso rere. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ ẹ̀yà mìíràn ni ó jọ ń jókòó lórí àga kan náà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bẹ̀rù pé eré Yorùbá yóò ti ọmọ ẹlòmíràn sẹ́yìn, kí ó rántí orúkọ tí ó wà lára ilé Ládípọ̀ ní Òṣogbo. Ìgbò ni ó bí i, Yorùbá ni ó tọ́ ọ, òǹwòran kò sì béèrè èyí tí ó jẹ́ bàbá rẹ̀ kí inú rẹ̀ tó dùn. Adé páálí tí àwọn ọmọdé ń dé ní ìparí sáà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a jù sí ààtàn bí òde bá ti tú. Irú rẹ̀ ni olùkọ́ kan gbé lọ́wọ́ ní Kàdúná, kí ó tó di adé Ṣàngó tí Berlin dìde kí.